Kẹ̀kẹ́ Tí Eṣinṣin Kò Bà Lé

Ìròyìn tó yẹ kó dé ṣáájú ìbúra, ọjọ́ kejì ìbúra ló tó dé. Iwin ẹlẹ́sẹ̀ kan ló gbé e wá. Ó ń tọ gba àárín Ìlú Ayíká bọ̀, ahọ́n rẹ̀ yọ síta bí ahọ́n ajá tó lé ọ̀yà, ó sì ń ké láti ọ̀nà jíjìn pé:

"Ọdẹ́bùnmi o! Má fi eyín kan irin o! Mo fi àwọn baba rẹ bẹ̀ ọ́, má fi eyín kan irin!"

Ọdẹ́bùnmi jókòó síwájú ilé àlejò, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ìyẹ́ aláràbarà tí àwọn iwin fọ́n sílẹ̀ nígbà tí àbúrò rẹ̀ borí ṣì kún ojú ọ̀nà. Ó wo iwin náà, ẹ̀pà dúró sí i lẹ́nu.

"Àná ni mo ti fi eyín kàn án."

Iwin náà jókòó gbì sílẹ̀, ó káwọ́ lérí. "Wọ́n ní kí n sáré. Ìwọ náà wo ohun tí wọ́n ní kí n fi sáré. Ẹyọ kan!"

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá ara yín jà nítorí ohun tí rédíò sọ, ẹ pa rédíò yẹn ná. Sùbérù, fi táyà ọwọ́ rẹ sílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò jí i. Láti àárọ̀ lẹ ti ń pariwo ní ìsọ̀ yìí pé ọkùnrin tó gun kẹ̀kẹ́ borí ní ìlú òkèèrè, oògùn ló mu. Àwọn kan ní kò mu. Àwọn kan ní gbogbo wọn ló ń mu. Kò sí ẹnì kan nínú yín tó mọ ọkùnrin náà rí. Èmi mọ ẹnì kan. Èmi Ọdẹ́jìnmí, tí mo fi ọwọ́ òsì di ẹkùn létí mú títí ẹkùn fi ní kí n má bínú, mo mọ ẹni tí irú ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí. Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìbọn. Ohun tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi ni mo fẹ́ sọ fún yín, lẹ́yìn náà kí ẹ padà sí ariwo yín.

Obìnrin ọdẹ ni Ọdẹ́bùnmi. Nínú igbó, kò sí ọkùnrin tó lè fi ojú ẹsẹ̀ ẹran hàn án, àfi èmi. Ìyá wọn kú nígbà tí Ògúnlékè, àbúrò rẹ̀, ṣì ń rákò. Ọdẹ́bùnmi pọ̀n ọ́n lọ sínú igbó, ọmọ lẹ́yìn, ìbọn léjìká. Nígbà tí ọmọ náà dàgbà díẹ̀, ó fi kẹ̀kẹ́ ológeere tí baba wọn fi sílẹ̀ kọ́ ọ ní gígùn. Ó di ìjókòó kẹ̀kẹ́ mú láti ẹ̀yìn, ó ń sáré tẹ̀ lé e, eruku ń wọ̀ ọ́ lójú. Ó máa ń sọ ọ́ fún àwọn ènìyàn pẹ̀lú ayọ̀ pé, "Ọjọ́ tí mo fi ìjókòó náà sílẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀. Ó ń lọ ni."

Ògúnlékè sì ń lọ lóòótọ́. Ó gun kẹ̀kẹ́ títí kò fi sí òkè mọ́ ní agbègbè wa tó lè dá a dúró. Ìgbà náà ni ó gbọ́ nípa eré Ìlú Ayíká.

Lọ́dọọdún, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn iwin àti àwọn ènìyàn jọ máa ń gun kẹ̀kẹ́ yí Òkè Ayíká ká. Òkè náà ga tó bẹ́ẹ̀ tí ìkùukùu fi ń mú irun ẹni tó bá gùn ún tutù, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ sì máa ń sinmi ní agbede méjì ọ̀nà. Ènìyàn kò borí iwin níbẹ̀ rí. Àdéhùn kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn: ẹsẹ̀ tí a bí mọ́ ọ nìkan ni kí o gbé wá. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ mú onígbọ̀wọ́ kan wá láti ilé, ẹni tó mọ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti kékeré. Bí ó bá borí, onígbọ̀wọ́ rẹ̀ á bọ́ síwájú gbogbo ìlú, á fi eyín kan irin, á ní, "Ẹsẹ̀ tí a bí mọ́ ọn ni." Bí ó bá purọ́, gbogbo irin ayé á kọ̀ ọ́. Ẹ rò ó wò, ọdẹ tí irin kọ̀.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé irin ni kẹ̀kẹ́. Ní ilé wa, a kì í gbé irin lọ sí irú ibi bẹ́ẹ̀ láì fún un ní ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó sì yẹ kẹ̀kẹ́ tí yóò gun Òkè Ayíká ni ti àgbọ̀nrín tó ń gbé ẹsẹ̀ òkè náà, èyí tó ń sáré láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ tí kì í mí hẹlẹ. Ọdẹ tó bá pa á kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kan wọ ẹnu ènìyàn. Ti irin ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá gbé e mì, ẹsẹ̀ ẹranko náà á wọ inú ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọdẹ́bùnmi pa àgbọ̀nrín náà. Ó bu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kún ìwo, ó gbé e wá sílé, ó fún Ògúnlékè, ó ní, "Lọ dà á sórí kẹ̀kẹ́ rẹ." Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí ó ti gbé ìkòkò tó ń lọ pọnmi, ó gba ẹ̀gbẹ́ kẹ̀kẹ́ náà kọjá níbi tí wọ́n gbé e tì sára ògiri. Kẹ̀kẹ́ náà ń dán. Kò sí àbàwọ́n lára ṣéènì, kò sí òórùn. Eṣinṣin kan ṣoṣo kò bà lé e.

Ọdẹ ni o, ẹ̀yin ará mi. Ó mọ bí ojú irin ṣe ń rí lẹ́yìn ẹ̀jẹ̀. Ó mọ bí eṣinṣin ṣe ń bò ó bí àwọ̀n. Ó dúró. Ó wo kẹ̀kẹ́, ó wo ìwo tó dùbúlẹ̀ lófìfo lẹ́nu ọ̀nà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá ọmọ náà ti fọ̀ ọ́. Ta ló ń fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára irin ṣáájú ìrìn-àjò? Kò sí. Ó mọ̀ pé kò sí. Ó gbé ìkòkò rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìyẹn ló rántí nígbà tí iwin ẹlẹ́sẹ̀ kan jókòó síwájú rẹ̀.

"Baba Ọdẹ́jìnmí ló rán mi," ni iwin náà wí. "Ó ní òun lọ gba àdá òun nílé yín lẹ́yìn tí ẹ lọ tán, òun sì bá ife kan lábẹ́ ibùsùn Ògúnlékè. Ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ ló wà nínú rẹ̀. Ó ní eṣinṣin tí kò bà lé kẹ̀kẹ́, inú ife yẹn ni gbogbo wọn wà."

Iwin náà wò ó lójú, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Adé kò tíì kan orí rẹ̀. Ó ti lọ sí ààfin Olú-Ayíká, lẹ́yìn ìlú méjèèjì tó wà níwájú yìí. Títí adé yóò fi kan orí, onígbọ̀wọ́ lè wá yọ eyín rẹ̀ kúrò lára irin. Bí adé bá ti kan orí, irọ́ náà di tìrẹ títí láé. Ṣùgbọ́n bí o bá yọ eyín, wọn á fọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì ní gun òmíràn mọ́ láyé rẹ̀. Orúkọ ìlú yín pẹ̀lú…"

"Ta ló tún mọ̀?"

"Baba yẹn, èmi, ìwọ. Ó ti mú mi búra pé n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Baba ní ẹnu rẹ ni ọ̀rọ̀ náà wà."

Ọdẹ́bùnmi dìde, ó ní òun fẹ́ gbé ìbọn òun. Ìbọn náà yọ̀ kúrò léjìká rẹ̀ bí ẹja. Ó gbé e lẹ́ẹ̀kejì, ó tún yọ̀. Ó fa àdá yọ láti gé okùn tó fẹ́ fi dè é mọ́ ara, ẹnu àdá náà sì tẹ̀ bí ewé kókò. Ó tọ́ itọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ wò: ìpẹtà ni. Eyín iwájú, èyí tó fi kan irin, bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Síbẹ̀, kì í ṣe pé ó ti mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ó kàn fẹ́ rí ọmọ náà ni. Ó fẹ́ kó sọ pé irọ́ ni, kó sọ pé òun fọ kẹ̀kẹ́ ni.

Mo gbọ́ ohun tí ò ń kùn lábẹ́ ẹnu yẹn, Àrínọlá. Sọ ọ́ sókè. O ní, "Baba, ṣebí ẹ̀yin náà ń lo oògùn?" Ẹ̀rín yín kò bí mi nínú. Òótọ́ ni. Mo ní àféẹ̀rí, mo ní egbé, mo ní èyí tó ń mú kí ẹfọ̀n máa kí mi ní ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n èmi àti ẹfọ̀n kò jókòó ṣàdéhùn rí. Kò ní kí n má mú nǹkan kan wá ju ọwọ́ mi lọ, èmi náà kò sì ní kó fi ìwo rẹ̀ sílé. Àwọn tó gun kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ yẹn jókòó, wọ́n ṣàdéhùn, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Inú àdéhùn yẹn ni ìtìjú ti wá, kò wá láti inú ìgò. Ṣé o ti gbọ́? Ó dáa. Bu omi fún mi.

Ìlú tó kọ́kọ́ wọ̀ ni Ìlú Afura. Iwin arúgbó kan ló ń ṣọ́ ẹnubodè rẹ̀, imú rẹ̀ gùn dé ìdodo. Ó fi imú náà gbóòórùn Ọdẹ́bùnmi láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní:

"Dáhùn kí o tó wọlé. Kí ni ohun tí ojú méjì jọ gbé wọlé, tí ẹnu kan kò jẹ́ kó jáde?"

Ọdẹ́bùnmi mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ohun tí ènìyàn rí tí kò sọ ni. "Àlá," ló wí.

"Àlá kọ́," ni iwin náà wí, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n wọlé. Àwọn tó bá mọ̀ ọ́n gan-an ni kì í fẹ́ dá mi lóhùn."

Nínú ìlú náà, gbogbo wọn ló nímú gígùn, wọ́n sì ń fi gbóòórùn ara wọn lójú ọ̀nà. Ọmọ kékeré kan ń rìn fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, èrò sì ti pé lé e lórí.

"Ó yá jù!"

"Ọmọ tó ń rákò lánàá!"

"Kí ni ìyá rẹ̀ fún un mu?"

Ìyá ọmọ náà fúnra rẹ̀ tẹ̀ síwájú, ó gbóòórùn ẹnu ọmọ. "Kí n má purọ́ fún yín," ló wí, "èmi náà ń fura sí i."

Lẹ́yìn ilé kan, wọ́n ti so àkùkọ kan mọ́lẹ̀ torí pé ó kọ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọdẹ́bùnmi fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ wọn yọ́ lọ, ṣùgbọ́n ẹnì kan gbóòórùn rẹ̀, ó sì pariwo.

"Ẹ̀gbọ́n Ògúnlékè rèé o!"

Wọ́n yí i ká. Ọkùnrin kan tó ní ikùn bí àmù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Obìnrin yìí, àbúrò rẹ gun òkè tí afẹ́fẹ́ ń sinmi lójú ọ̀nà rẹ̀. Kò lanu. Kò làágùn. Ó ń kọrin! Ṣé bí ènìyàn ṣe ń ṣe nìyẹn?"

"Ó ṣiṣẹ́ fún un ni."

"Èmi náà ń ṣiṣẹ́. Wo ikùn mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, imú wọn ń jù síhìn-ín sọ́hùn-ún. Obìnrin kan kọjú sí Ọdẹ́bùnmi, ó ní, "Ẹ̀fẹ̀ ti tó. Sọ ọ́ ká gbọ́. Ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni?"

Inú bí Ọdẹ́bùnmi. Ẹ wo àwọn tó ń fura sí ìkókó! Ẹ wo àwọn tó so àkùkọ mọ́lẹ̀! Ìbínú náà dùn mọ́ ọn, ó wọ inú rẹ̀ lọ bí ẹni wọ inú ilé nígbà òjò. "Ẹsẹ̀ tí a bí mọ́ ọn ni!" ló kígbe. "Ìlara ni yóò pa gbogbo yín!"

Bí ó ti pa ẹnu dé, eyín iwájú rẹ̀ bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó pa ọwọ́ dé kí wọ́n má baà rí i. Ó la àárín wọn kọjá, kò wo ẹ̀yìn. Ohun tó ń dùn ún kì í ṣe ẹnu tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Àwọn tó ti fura sí gbogbo ayé lọ́nà òdì, ẹyọ ẹnì kan ni wọ́n fura sí lọ́nà tó tọ́, ẹni náà sì ni ọmọ tí òun fi ẹ̀yìn òun pọ̀n. Òun sì pè wọ́n ní onílara.

Odò kan ló tún kàn, afárá irin wà lórí rẹ̀. Bí Ọdẹ́bùnmi ti gbé ẹsẹ̀ lé e, afárá náà fà sẹ́yìn bí ìwo ìgbín, ó ká ara rẹ̀ jọ sí òdìkejì. Omi ló wọ̀, ó dé ọrùn, ó dé àgbọ̀n. Ìbọn tó fi okùn wọ́ lẹ́yìn léfòó lórí omi, irin tó ń léfòó, nítorí kò fẹ́ jọ wà nínú omi kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Èmi tí mo ti wẹ odò tí ọ̀nì mẹ́rin ń jìjàdù mi nínú rẹ̀, mo sọ fún yín pé n kò ní fẹ́ wẹ odò yẹn.

Òdìkejì odò ni Ìlú Olówùú wà. Gbogbo ará ìlú náà ló ki òwú bọ etí méjèèjì, wọ́n sì fi osùn kun ẹsẹ̀ wọn pupa, torí pé Ògúnlékè kun tirẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ eré. Nígbà tí wọ́n rí Ọdẹ́bùnmi, wọ́n gbé e sí èjìká. Gbogbo wọn ló ń pariwo, nítorí kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ẹnì kejì.

"Ẹ̀gbọ́n Ògúnlékè Ẹsẹ̀-Ìyẹ́! Ẹ káàbọ̀ o!"

"Kò mu nǹkan kan!" ni obìnrin kan ń ké. "Àwọn onímú yẹn ló ń bà á jẹ́!"

"Gbogbo wọn ló ń mu ún!" ni ọkọ rẹ̀ ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ayọ̀ kan náà.

"Kí ni wọ́n ń mu?" ni Ọdẹ́bùnmi bi í.

"Ẹ̀n?"

"Mo ní kí ni wọ́n ń mu!"

"Mi ò gbọ́! Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá ń mu ún, ẹni tó bá borí nínú àwọn tó mu ún, òun ló borí! Ẹ jẹun!"

Wọ́n gbé iyán síwájú rẹ̀. Wọ́n gbé e jókòó sórí àga tí wọ́n fi ewé ṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Ọdẹ́bùnmi ń rẹ́rìn-ín sí wọn, ó fi ọwọ́ bo ẹnu kí wọ́n má rí àlàfo eyín. Ó ní òun kò rí ibi tó le bí ibẹ̀ rí. Ní Ìlú Afura, wọ́n bú u, ó sì lè bínú. Níbí, kí ni yóò ṣe?

Ìyá arúgbó kan la èrò kọjá wá pẹ̀lú ọ̀pá. Àyọ̀ká ni wọ́n ń pè é. Kò jẹ́ iwin tán, kò jẹ́ ènìyàn tán, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì wọ́ bí gbòǹgbò igi. Ó jókòó ti Ọdẹ́bùnmi, ó mú ọwọ́ rẹ̀.

"Ọmọ mi, láti ìgbà tí mo ti ṣubú, orí ẹní ni mo wà. Wọ́n ń bọ́ mi bí ọmọ ẹyẹ. Ọjọ́ tí wọ́n ní ọmọ ènìyàn kan gun òkè yẹn pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán, mo ní kí wọ́n bá mi gé ọ̀pá. Mo ní bí ẹsẹ̀ lásán bá lè ṣe ìyẹn, tèmi á gbé mi dé ìdí kànga. Láàárọ̀ yìí, mo dé ìdí kànga. Mo fọwọ́ ara mi fa omi."

Ó na ọwọ́ sí etí rẹ̀ kan, ó yọ òwú rẹ̀. Nínú gbogbo ìlú yẹn, òun nìkan ló ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ohùn tìrẹ nìkan ni mo fẹ́ gbọ́. Sọ ọ́ sí mi létí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni, àbí?"

Ọdẹ́bùnmi la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà wà níbẹ̀, èyí tó ti sọ níwájú irin, èyí tó ti sọ fún àwọn onímú. Kò jáde. Ìyá náà ń dúró, ó na etí sí i. Ẹ̀rín ojú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ayọ̀ inú rẹ̀ ti lọ. Nígbà tó yá, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ẹsẹ̀ tí wọ́n kùn pupa.

"Ó dáa," ló wí.

Kò dá òwú náà padà sí etí. Ó gbá ọ̀pá mú, ó dìde díẹ̀díẹ̀.

"Màá ṣì máa lọ sí ìdí kànga. Tẹ́lẹ̀, lọ́kàn mi, èmi àti àbúrò rẹ là ń lọ. Ó di èmi nìkan."

Ojú ti Ọdẹ́bùnmi débi pé kò lè dágbére fún un. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí àga ewé náà láàárín orin àti ìyìn, ó rìn jáde ní ìlú náà, kò sì gbé orí sókè títí ó fi rí òrùlé ààfin Olú-Ayíká.

Ògúnlékè wà létí odò tó ṣàn gba ẹ̀yìn ààfin. Wọ́n ti wọ aṣọ àrán fún un, ó sì ká apá rẹ̀ sókè, ó ń fọ kẹ̀kẹ́. Inú rẹ̀ dùn bí ó ti rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ ti pẹ́ jù. Bí oòrùn bá kan orí òkè báyìí, wọ́n á fi adé lé mi lórí. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa dúró lọ́wọ́ ọ̀tún mi."

Ọdẹ́bùnmi ń wo kẹ̀kẹ́ náà. Ó ń dán.

"Ògúnlékè, níbo ni ẹ̀jẹ̀ àgbọ̀nrín yẹn wà?"

Ọmọ náà ń fọ táyà lọ. "Baba Ọdẹ́jìnmí ló sọ eléyìí fún yín, àbí? Bàbá yẹn ò níṣẹ́ míràn ju kó máa yọjú sí yàrá onílé."

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn.

"Mi ò bi ọ́ ní ti Baba. Níbo ló wà?"

"Ó wà nínú mi." Ó ju àkísà tó fi ń fọ kẹ̀kẹ́ sínú odò. "Ṣé ẹ rò pé àwọn iwin yẹn ò mu tiwọn? Ẹ bi wọ́n! Ẹ̀ẹ̀kan ni mo fi ẹsẹ̀ lásán gun òkè yẹn dán an wò. Nígbà tí mo dé orí rẹ̀, àwọn iwin ti jókòó síbẹ̀, wọ́n ń jẹ àgbàdo sísun, wọ́n ní ṣé ọ̀nà ni mo ṣì. Mo mọ̀ pé mo yá. Mo kàn fẹ́ ìwọ̀nba díẹ̀ tó kù ni."

"O sì jẹ́ kí n fi eyín kan irin."

Ògúnlékè gbé orí sókè nígbà náà. Kò pariwo. Ìbá dára kó pariwo.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rí kẹ̀kẹ́ náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo ń wò yín lójú fèrèsé. Ẹ dúró. Ẹ wo kẹ̀kẹ́, ẹ wo ìwo. Ife wà lọ́wọ́ mi, mi ò tíì mu ún tán. Mo ní wọ́n ti rí i, wọ́n máa wọlé wá báyìí. Ká ní ẹ wọlé, ká ní ẹ bi mí, ǹ bá sunkún, ǹ bá da èyí tó kù sílẹ̀. Ẹ gbé ìkòkò, ẹ lọ pọnmi. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ti gbà."

Ọdẹ́bùnmi kò lè wò ó. Ìjókòó kẹ̀kẹ́ náà ló ń wò. Ọwọ́ rẹ̀ rántí rẹ̀, bí awọ rẹ̀ ṣe le, bí ó ṣe ń mì nígbà tí ọmọ kékeré ń tẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà yẹn ló ti ń sọ fún ayé pé òun fi í sílẹ̀. Kò fi í sílẹ̀ rí. Ní gbogbo òkè tí ọmọ náà gùn, òun náà ń sáré tẹ̀ lé e, òun náà ń gbọ́ ìyìn. Ó sì dùn mọ́ ọn ju kí ó bi í léèrè lọ.

Wọ́n fọn fèrè nínú ààfin. Oòrùn ti ń sún mọ́ orí òkè.

"Ẹ jẹ́ ká lọ," ni Ògúnlékè wí, ohùn rẹ̀ ti di ti ọmọdé. "Àwa méjì nìkan ló mọ̀ níbí. Eyín kan ṣoṣo lẹ pàdánù, ẹ̀gbọ́n. Màá fi wúrà ṣe òmíràn fún yín, wúrà kì í ṣe irin, kò ní kọ̀ yín. Ẹ ṣáà má sọ nǹkan kan."

Ọdẹ́bùnmi la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Eyín náà wà níbẹ̀. Ó wò ó, ó tún pa ọwọ́ dé lé e lórí, ó sì yí ojú sí àbúrò rẹ̀.

"Gbọ́ mi dáadáa. Mo ń wọlé lọ bá Olú-Ayíká báyìí, kí adé tó kàn ọ́ lórí. Mo ń lọ yọ eyín mi kúrò lára irin. Màá sọ pé èmi ni mo pa ẹran náà, èmi ni mo gbé ìwo lé ọ lọ́wọ́, mo rí kẹ̀kẹ́ gbígbẹ, mo mọ̀, mo sì búra. Màá sọ pé ìwọ lo mu ún. Bí mo bá ń padà lọ sílé, màá yà ní Ìlú Olówùú, màá sọ ọ́ fún ìyá arúgbó kan létí, nítorí ó bi mí, mi ò sì dá a lóhùn. Ọmọ ìyá mi ni ọ́. Bí wọ́n bá fọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ, wá sílé, oúnjẹ rẹ á wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti fi ìjókòó kẹ̀kẹ́ rẹ sílẹ̀, Ògúnlékè. Mi ò dì í mú mọ́."